Bí Onífíìmù Ṣe Di Olóògùn

Ilé-iṣẹ́ kan wà ní ilẹ̀ Japan tó ń ṣe ìpara ojú fún àwọn obìnrin. Òun náà ló ń ṣe ẹ̀rọ tí dókítà máa ń kì bọ ọ̀nà ọ̀fun láti fi wo inú ikùn. Ó ń ṣe oògùn, ó sì ń ṣe awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó wà lẹ́yìn gíláàsì tẹlifíṣọ̀n, èyí tí púpọ̀ nínú wa kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ rárá. Ẹni tó bá ti dàgbà díẹ̀ mọ orúkọ ilé-iṣẹ́ yìí dáadáa, ṣùgbọ́n kì í ṣe nídìí ìpara ló ti mọ̀ ọ́n. Páálí kékeré aláwọ̀ ewé ló mọ̀, èyí tí àwọn ayàwòrán máa ń fà ya kí wọ́n tó ki fíìmù sínú kámẹ́rà. Fuji ni. Orúkọ òkè ńlá ilẹ̀ Japan ló ń jẹ́, òkè kan náà tí Síkírù Àyìndé Barrister ròyìn pé òun rí lára pátákó ìpolówó ní pápákọ̀ òfurufú, tó fi sọ orin tirẹ̀ lórúkọ.

Ọdún 2000 ni títà fíìmù aláwọ̀ dé góńgó káàkiri àgbáyé. Láti ìgbà náà ló ti ń já wálẹ̀, nígbà tí ọdún mẹ́wàá sì fi máa pé, ohun tó ṣẹ́kù kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Kámẹ́rà tí kì í lo fíìmù ló kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà ni fóònù gbé kámẹ́rà fúnra rẹ̀ mì. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2012, Kodak, oní-páálí yẹ́lò tó ti jẹ́ baba ìsàlẹ̀ òwò yìí láti ayé George Eastman tó dá a sílẹ̀, gba ilé-ẹjọ́ lọ ní Amẹ́ríkà láti wá ààbò lọ́wọ́ àwọn tó jẹ ní gbèsè. Fuji kò lọ sílé-ẹjọ́ kankan. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní ọdún 2000 yẹn, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún owó tó ń wọlé fún un ló ń ti ara fíìmù àti àwọn ìbátan fíìmù wá.

Ìtàn tí àwọn olùkọ́ ìmọ̀ òwò máa ń sọ ni pé Kodak sùn, Fuji sì jí. Ìtàn náà dùn létí, àmọ́ kò pé. Kodak kò sùn. Ní 1975, onímọ̀ ẹ̀rọ kan tó ń bá wọn ṣiṣẹ́, Steve Sasson, kó lẹ́ńsì kámẹ́rà sinimá, ẹ̀yà ẹ̀rọ tuntun kan tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ di iná mànàmáná, bátìrì 16 àti ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ oníkásẹ́ẹ̀tì jọ, ó sì fi wọ́n ṣe kámẹ́rà fótò alágbèéká àkọ́kọ́ tí kò lo fíìmù. Ó wúwo ju kílò mẹ́ta àbọ̀ lọ, ìṣẹ́jú àáyá 23 sì ni àwòrán kan ń gbà kó tó wọ inú kásẹ́ẹ̀tì tán. Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá ibi tí ìmọ̀ tó jìnnà síra ti pàdé di ohun tuntun, ilé Kodak ni kó kọ́kọ́ yà sí. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà rọrùn. Ilé méjèèjì ló ní onímọ̀, ilé méjèèjì ló ní owó, fíìmù kan náà ni wọ́n sì jọ ń ṣe. Ọ̀nà tí wọ́n gbà po ìmọ̀ wọn pọ̀ ni kò bára mu.

Joseph Schumpeter, onímọ̀ ọrọ̀-ajé ọmọ ilẹ̀ Austria, ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti 1911 pé ohun tuntun nínú òwò kì í já bọ́ láti ọ̀run, pé ohun tó ti wà nílẹ̀ ni wọ́n máa ń tún pò lọ́nà mìíràn. Kò sẹ́ni tó ń bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹnu dùn ún ròfọ́. Ilé-iṣẹ́ lè ní onímọ̀ kẹ́míkà igba àti onímọ̀ ẹ̀rọ igba, kí wọ́n jọ máa jẹun ní ilé oúnjẹ kan náà lójoojúmọ́ fún ogún ọdún, kí ìmọ̀ wọn má sì fara kanra. Wíwà nínú ọgbà kan náà kọ́ ni à ń pè ní pípò pọ̀.

Ká tó lọ síwájú, ó yẹ ká wo ohun tí fíìmù jẹ́ gan-an. Awọ kan ló wà nísàlẹ̀ tó gbé ìyókù dúró, TAC ni wọ́n ń pè é. Inú òwú àti igi ni wọ́n ti ń mú ohun tí wọ́n fi ń ṣe é, tí wọ́n á wá fi irú ásíìdì tó ń mú kí ọtí kíkan kan bẹ́ẹ̀ yí i padà. Lórí awọ yìí ni wọ́n máa ń tẹ́ nǹkan bí ogún ìpele lé. Ìpele kan ń gba ìmọ́lẹ̀ búlúù, òmíràn ń gba ti aláwọ̀ ewé, òmíràn ń gba ti pupa, àwọn mìíràn sì wà láàárín tó ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Gbogbo ogún yẹn lápapọ̀ kò nípọn tó irun orí kan. Inú wọn ni hóró fàdákà tí ìmọ́lẹ̀ ń yí padà wà, wọ́n kéré débi pé ojú lásán kò lè rí wọn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ dọ́gba, nítorí pé bí àwọn kan bá tóbi ju àwọn kan lọ, àwòrán á máa ṣe ṣákáṣàka.

Ohun tó di hóró wọ̀nyí mú kí wọ́n má ṣù pọ̀ ni jẹ́látìn, jẹ́látìn kì í sì í ṣe àjèjì sí ilé ìdáná wa. Ẹni tó se ẹsẹ̀ màlúù mọ́jú, tó ṣí ìkòkò láàárọ̀ ọjọ́ kejì tó rí i pé omi rẹ̀ ti dì, tó ń gbọ̀n yìmìyìmì bí wọ́n bá mi ìkòkò, jẹ́látìn ló ń wò yẹn. Inú awọ àti egungun ẹran ni kọ́lájìn wà, òun náà ló ń jẹ́ kí pọ̀nmọ́ yi lẹ́nu. Bí iná bá rà á pẹ́ títí, jẹ́látìn ló ń dà. Awọ àti egungun màlúù náà ni àwọn onífíìmù fi ń ṣe tiwọn, wọ́n kàn ń fọ̀ ọ́ mọ́ ju ti ìkòkò ẹsẹ̀ màlúù lọ ni.

Inú òkùnkùn biribiri ni wọ́n ti ń tẹ́ ìpele wọ̀nyí, torí bí ìmọ́lẹ̀ bá fi kàn án báyìí, ó ti bàjẹ́. Awọ TAC tó fẹ̀ á máa sáré kọjá lábẹ́ ẹ̀rọ, ọ̀pọ̀ ìpele tó ṣì jẹ́ omi á máa dà sórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn ò gbọ́dọ̀ wọnú ara wọn. Eruku kan ò gbọ́dọ̀ bọ́ sí i, atẹ́gùn bíńtín ò gbọ́dọ̀ há sínú rẹ̀. Nígbà tí fíìmù gbòde, àwọn ilé-iṣẹ́ tó lè ṣe irú nǹkan báyìí láyé kò pọ̀ rárá: Kodak, Fuji, Agfa ti ilẹ̀ Jámánì, Konica, àti àwọn díẹ̀ mìíràn.

Ìyọnu kan tún kù, fótò tó ń ṣá. Ilé tó bá ní fótò ìgbéyàwó àwọn ọdún 1970 lára ògiri pálọ̀ mọ bó ṣe máa ń rí. Aṣọ tó jẹ́ búlúù lọ́jọ́ náà ti di rúsúrúsú, ojú ìyàwó ti pọ́n, ewéko ẹ̀yìn wọn ti pòórá. Ìmọ́lẹ̀ àti ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló máa ń jẹ àwọ̀ yẹn. Àwọn onímọ̀ kẹ́míkà Fuji ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí ọ̀nà tí wọn yóò fi dá ọ́síjìn lẹ́kun.

Ní 2000 tí ọjà fíìmù wà ní góńgó ni Shigetaka Komori di ààrẹ ilé-iṣẹ́ yìí. Ó di ọ̀gá pátápátá ní 2003, ó sì gbé ètò tí wọ́n pè ní VISION 75 kalẹ̀ ní 2004, nítorí pé ilé-iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1934 náà ti ń lọ sí ọdún 75. Ohun tó kọ́kọ́ ní kí àwọn olùwádìí ṣe kò ní ariwo nínú: wọ́n ní láti lọ ka ìmọ̀ tó wà nílé, bí oníṣọ́ọ̀bù ṣe ń ka ọjà ìparí ọdún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pín in sí ọ̀nà mẹ́rin: ìmọ̀ tó ti wà fún ọjà tó ti wà, ìmọ̀ tuntun fún ọjà tó ti wà, ìmọ̀ tó ti wà fún ọjà tuntun, àti ìmọ̀ tuntun fún ọjà tuntun. Ibi kẹta yẹn ni ojú wọn ti là.

Kíka ìmọ̀ ṣòro ju kíka ọjà lọ, torí pé ẹni tó ní ìmọ̀ kì í mọ orúkọ ohun tó ní. Bí ẹ bá bi òṣìṣẹ́ ilé fíìmù pé kí ló mọ̀ ọ́n ṣe, fíìmù ni yóò sọ. Ìdáhùn yẹn ló ń pa ilé-iṣẹ́. Ẹ ní láti bi í títí, kó tó sọ pé òun mọ bí kọ́lájìn ṣe ń hùwà nínú omi gbígbóná àti omi tútù, òun mọ bí wọ́n ṣe ń lọ nǹkan kúnná tí kò fi ní ṣù pọ̀, òun mọ ohun tó ń dá ọ́síjìn dúró, òun mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ́ omi lé awọ ní ìpele tí ojú kò lè rí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti dé ibi báyìí, orúkọ fíìmù ti kúrò nínú rẹ̀. Ìmọ̀ tó kù sì lè gbéyàwó níbòmíràn.

Ìpara ojú bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Bí a bá yọ omi kúrò nínú awọ ara ènìyàn, nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá ohun tó kù ni kọ́lájìn. Oòrùn àti ọ́síjìn tó ń ṣá fótò wà lára ohun tó ń hun awọ ojú jọ. Fuji wá lọ mú astaxanthin, èyí tí ẹnikẹ́ni tó bá ti se edé tàbí alákàn mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀: òun ni pupa tó máa ń yọ lára wọn bí iná bá ti kàn wọ́n. Ó dára gan-an nídìí dídá ọ́síjìn lẹ́kun, àmọ́ kì í yòrò nínú omi, ó sì ṣòro láti mú un wọ awọ ara. Ibí yìí ni ọwọ́ tó ti ń po hóró fàdákà mọ́ jẹ́látìn láti ọjọ́ pípẹ́ ti wúlò. Wọ́n lọ astaxanthin kúnná débi tó fi dúró nínú omi láìṣù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ta ìpara àkọ́kọ́ ní 2006, Astalift sì dé orí àtẹ ní Japan ní 2007. Pupa ni, bíi ti edé.

Ó rọrùn láti sọ báyìí nísinsìnyí. Nígbà náà, kí ni obìnrin ìlú Tokyo fẹ́ bá onífíìmù ṣe, nígbà tí Shiseido, ilé-iṣẹ́ onípara, ti wà nílẹ̀ láti 1872? Onímọ̀ kẹ́míkà fíìmù kò sì mọ awọ ara. Ó mọ kọ́lájìn tó ti kú, kò mọ èyí tó ń dàgbà lára ènìyàn. Ẹni tó mọ awọ ara kò mọ bí wọ́n ṣe ń lọ nǹkan kúnná. Àwọn méjèèjì lè jókòó sórí tábìlì kan kí wọ́n má gbọ́ ara wọn yé, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí oníkálukú ń lò, ìwọ̀n tó fi ń wọn nǹkan, ohun tó kà sí ẹ̀rí, gbogbo rẹ̀ ló yàtọ̀. Iṣẹ́ gidi wà nínú kí wọ́n tó gbọ́ ara wọn yé. Ní oṣù Kẹrin 2006, Fuji ṣí ilé ìwádìí tuntun kan ní agbègbè Kanagawa, nítòsí ilé fíìmù rẹ̀ ní Ashigara, ó sì kó àwọn olùwádìí tó ti wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ jọ sábẹ́ òrùlé kan. Nínú èrò tèmi, ìṣòro tí wọ́n jọ gbé lé wọn lọ́wọ́ ṣe pàtàkì ju òrùlé yẹn lọ. Bí oníkálukú bá ní iṣẹ́ tirẹ̀, òrùlé á wulẹ̀ máa bò wọ́n lórí ni. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ pé ìpara yìí gbọ́dọ̀ wọ awọ kó má sì bàjẹ́ nínú ìgò fún ọdún kan, dandan ni kí onífíìmù lọ kan ilẹ̀kùn aláwọ̀-ara.

Àwọn ọ̀mọ̀wé méjì ní Amẹ́ríkà, Wesley Cohen àti Daniel Levinthal, kọ nǹkan kan ní 1990 tó bá ibí yìí mu wẹ́kú. Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ kò lè mọyì ìmọ̀ tó wà níta bí kò bá ti ní díẹ̀ lára irú rẹ̀ nílé. Owó ìwádìí, lójú tiwọn, ń ṣe iṣẹ́ méjì: ó ń bí ohun tuntun, ó sì ń la ojú ilé-iṣẹ́ sí ohun tí àwọn ẹlòmíràn bí. Ẹ wo ti dókítà àti Fuji. Láti 1936 ni Fuji ti ń ta fíìmù tí wọ́n fi ń ya egungun ní ọsibítù, nígbà tó sì di 1983, ó ti ń ta ẹ̀rọ tó ń ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Nígbà tó wá sọ pé òun fẹ́ wọ iṣẹ́ ìlera, ó ti ń gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn àwọn dókítà láti àádọ́rin ọdún sẹ́yìn.

Síbẹ̀, ìpara kọ́ ló gba Fuji là. Àwọn tó ń sọ ìtàn fẹ́ràn ìpara nítorí pé ó yani lẹ́nu. Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀yìn gíláàsì tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ. Nínú irú èyí tí wọ́n ń pè ní LCD, awọ méjì kan wà tó ń sẹ́ ìmọ́lẹ̀, tó ń jẹ́ kí èyí tó dorí kọ apá kan kọjá, tó sì ń dá ìyókù dúró. Ẹlẹgẹ́ ni awọ náà. Ó ń fẹ́ ohun tí yóò bò ó níwájú àti lẹ́yìn, tí yóò mọ́ gaara, tí yóò tẹ́ rẹrẹ, tí kò sì ní da ìmọ́lẹ̀ rú. TAC ni wọ́n ń lò, TAC ìsàlẹ̀ fíìmù.

LCD ayé àtijọ́ tún ní àbùkù kan tí ẹni tó lo kọ̀ǹpútà alágbèéká láàárín àwọn ọdún 1990 á rántí. Bí èèyàn ò bá jókòó síwájú rẹ̀ gan-an, àwòrán á ṣókùnkùn tàbí kí àwọ̀ rẹ̀ dà rú. Ọ̀rẹ́ tó bá fẹ́ bá ọ wò ó láti ẹ̀gbẹ́ kò ní rí nǹkan kan. Ní àárín àwọn ọdún náà, Fuji mú TAC, ó tẹ́ ìpele fẹ́lẹ́ kan lé e lórí, tí ẹ̀yà inú rẹ̀ rí rìbìtì pẹlẹbẹ, tí wọ́n sì tò ní ìdàgẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n lè tún ìmọ́lẹ̀ tó ti wọ́ ṣe. WV Film ni wọ́n sọ ọ́. Ṣíṣe TAC ti wà nílé láti ọjọ́ pípẹ́, títẹ́ ìpele láìní àbùkù náà ti wà nílé. Àwọn ẹ̀yà rìbìtì yẹn ni wọ́n ní láti kọ́. Bí ìmọ̀ ṣe sábà máa ń pò pọ̀ nìyẹn, púpọ̀ rẹ̀ á jẹ́ ti àtijọ́, ìwọ̀nba ni tuntun. Fumio Kodama, ọ̀mọ̀wé ará Japan, tẹnu mọ́ irú rẹ̀ nínú àròkọ kan ní 1992, pé ọ̀pọ̀ ohun tó sọ ilé-iṣẹ́ Japan di ńlá kò wá láti ara àwárí àrà ọ̀tọ̀ kan, bí kò ṣe láti ara iṣẹ́-ọwọ́ méjì tí wọ́n rọra so pọ̀, bí ẹ̀rọ onírin àti ẹ̀rọ ẹlẹ́ńtíróníìkì.

Bí fíìmù ṣe ń kú lọ́wọ́ ni Fuji ń kọ́ ilé-iṣẹ́ TAC tuntun sí Kumamoto, pẹ̀lú owó tó ju ọgọ́rùn-ún bílíọ̀nù yẹ́ẹ̀nì lọ. Ó gba àyà. Ó tún gba pé kí owó wà, owó náà sì ní ibi tó ti ń wá: ní 2001, Fuji ti ra ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún kún ìpín tó ní nínú Fuji Xerox tó ń ṣe ẹ̀rọ adàwékọ, ìpín rẹ̀ sì di ìdá 75. Kò sí ẹni tó máa ń dárúkọ ẹ̀rọ adàwékọ bí wọ́n bá ń sọ ìtàn Fuji. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò rí oúnjẹ òòjọ́ kò lè jókòó máa ka ìmọ̀.

Kodak ńkọ́? Ní 1988, ó ra ilé-iṣẹ́ olóògùn kan, Sterling Drug, ní bílíọ̀nù dọ́là márùn-ún ó lé díẹ̀. Ẹ lè má mọ Sterling, ẹ mọ Panadol. Panadol wà lára ohun tí Kodak rà. Ẹni tí orí ń fọ́ ní Ìbàdàn ní 1990, tó fi omi gbé Panadol méjì mì, kò ní mọ̀ pé àwọn tó ni fíìmù oní-páálí yẹ́lò ló ni í. Èrò Kodak kò yàtọ̀ sí ti Fuji: kẹ́míkà ni à ń ṣe, kẹ́míkà ni oògùn. Àmọ́ ohun tó rà kò fara kan ohun tó mọ̀. Iṣẹ́ ọjà títà ló pọ̀ jù nínú Sterling, títa oògùn orí fífọ́ kò sì bá títẹ́ ìpele nínú òkùnkùn tan. Nígbà tó di 1994, Kodak ti ń tà á ní ìdá-ìdá. Gbèsè pọ̀ lọ́rùn rẹ̀, George Fisher, ọ̀gá tuntun tó ti Motorola wá, sì fẹ́ kí wọ́n gbájú mọ́ àwòrán nìkan.

Lọ́dún 1994 yẹn kan náà ni Kodak já ẹ̀ka kẹ́míkà rẹ̀ sílẹ̀ kó máa dá lọ. Eastman Chemical ni wọ́n ń pè é, ní Kingsport, ìpínlẹ̀ Tennessee. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe cellulose acetate, ìbátan TAC, láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Kodak ní ìmọ̀ tí Fuji padà fi là, ó sì ṣílẹ̀kùn fún apá kan rẹ̀ kó máa lọ kí tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ tó gbòde. N kò ní pe àwọn ọ̀gá yẹn ní òmùgọ̀. Àwọn tó ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ fẹ́ owó, báńkì fẹ́ owó, kò sì sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà lọ́jọ́ náà pé awọ ìsàlẹ̀ fíìmù yóò di awọ tẹlifíṣọ̀n. Bí ilé-iṣẹ́ bá fi orúkọ ọjà ka ìmọ̀ rẹ̀, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni yóò máa tà dànù láì mọ̀.

Kì í sì í ṣe gbogbo ìmọ̀ ló ń rí ibi gbé. Ní 2006, Fuji kéde pé òun yóò dín òṣìṣẹ́ kù ní ẹ̀ka fótò, nǹkan bí 5,000 nínú 15,000. Àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń ta ẹ̀rọ fọfótò, àwọn tó ń pín fíìmù káàkiri ìlú, ìmọ̀ tiwọn kò bá kọ́lájìn lọ. Àwọn ayàwòrán tiwa náà rí i. Ẹni tó jẹ́ pé dáàkì rúùmù nìkan ló mọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tan iná sójú ènìyàn kó rẹwà, tó mọ bí wọ́n ṣe ń to ẹbí ogójì kí gbogbo wọn hàn, gbé ìyẹn lọ sídìí fídíò, ó sì ń jẹun. Àwọn ohun kan sì tún wà tí ètò kankan kò rí tẹ́lẹ̀. Fuji ti gbé kámẹ́rà Instax jáde láti 1998, irú èyí tó ń pọ fótò jáde lójú ẹsẹ̀. Ó tà, ó kú tán, ó sì jí nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ tí wọn kò mọ fíìmù rí bẹ̀rẹ̀ sí rà á. Ní ọdún ìṣúná 2018, ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́wàá tí wọ́n tà.

Ti oògùn ni mo máa ń fura sí jù nínú ìtàn yìí. Ní 2008, Fuji ra Toyama Chemical, olóògùn ilẹ̀ Japan, ní nǹkan bí 130 bílíọ̀nù yẹ́ẹ̀nì. Oògùn kan tó jẹ́ ti Toyama, favipiravir, gba àṣẹ ìjọba Japan ní 2014 fún àrùn inflúẹ́ńsà. Nígbà tí Ebola ń pa ènìyàn ní Guinea, Sierra Leone àti Liberia, wọ́n gbé e lọ dán wò lára àwọn aláìsàn ní Guinea láti oṣù Kejìlá ọdún náà. Àbájáde rẹ̀ kò ṣe kedere, kò sì ran àwọn tí àrùn ti wọ̀ lára gan-an lọ́wọ́. Ìwé ìròyìn púpọ̀ kọ ọ́ nígbà náà pé onífíìmù ti rí oògùn Ebola. Kì í ṣe onífíìmù ló rí i. Àwọn ará Toyama ti rí favipiravir kí Fuji tó rà wọ́n. Owó àti ìgbòòrò ni Fuji mú wá, kò sì sí jẹ́látìn nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ìbéèrè kan wà tí mo máa ń bi irú ìtàn báyìí: bí a bá yọ ìmọ̀ àtijọ́ kúrò, ṣé ohun tuntun yẹn ṣì lè dúró? Yọ TAC kúrò, WV Film ti wó. Yọ iṣẹ́ lílọ nǹkan kúnná kúrò, ìpara pupa yẹn á dà bí ìpara ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n á ṣì jẹ́ ìpara. Yọ fíìmù kúrò lára favipiravir, kò sí ohun tó yí padà. Àwọn ilé-iṣẹ́ fẹ́ràn láti wá ìbátan fún ohun tí wọ́n bá ti rà tán, wọ́n á ní ẹbí ni láti ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Ní 2011, Fuji ra ilé-iṣẹ́ méjì lọ́wọ́ Merck, olóògùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀kan ní Billingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èkejì ní North Carolina, níbi tí wọ́n ti ń tọ́ sẹ́ẹ̀lì láti fi ṣe oògùn fún àwọn olóògùn mìíràn. Ní 2019, ó tún ra ti Biogen ní Hillerød ní Denmark, ní nǹkan bí 890 mílíọ̀nù dọ́là. Àwọn ará Fuji ní títọ́jú sẹ́ẹ̀lì nínú táǹkì ńlá, kí ooru má yí padà, kí ìdọ̀tí má wọ̀ ọ́, kí ti òní bá ti àná dọ́gba, jọ iṣẹ́ fíìmù. Mo gbà pé òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí pé ẹni tó ti ń tẹ́ ìpele nínú òkùnkùn fún àádọ́rin ọdún mọ ohun tí ìmọ́tótó àti ìdọ́gba jẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n rà wọ́n, àwọn tó mọ sẹ́ẹ̀lì tọ́ ti wà ní Billingham àti North Carolina, wọ́n sì ti ń tọ́ ọ lọ.